Èsì Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: Ẹ Má Fòyà, Ẹ Má sì Jù ú Sẹ́yìn

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan lórí ìlera, mo rán wọn létí pé èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe ní Kàdúná níbí fún ọdún 33 kí n tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2019. Wọ́n ní ohun tí ojú mi rí gan-an ni àwọn fẹ́ kí n sọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ẹ̀kọ́ ni fún èrò ẹ̀yìn. Mo jìn sí kòtò kan ní ọdún 2021, òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọmọ mi àgbà ló fi owó ránṣẹ́ pé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lódindi, nítorí mo ti pé ọgọ́ta ọdún. Kò sí ohun tó ń ṣe mí. Mo lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé láì jẹun. Wọ́n so rọ́bà mọ́ mi lápá, wọ́n ní kí n máa di ẹ̀ṣẹ́, kí n sì máa tú u. Wọ́n wá iṣan títí kí wọ́n tó rí i. Ní Ọjọ́rú, mo lọ gba èsì. Ìwé ojú ewé méjì ni, nọ́ńbà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n tẹ lẹ́tà dúdú sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta nínú wọn. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 3.1, L. Neutrophil, tó jẹ́ oríṣi kan nínú sẹ́ẹ̀lì funfun náà, jẹ́ 1.3, L. Pòtásíọ̀mù jẹ́ 6.1, H. L ni pé ó lọ sílẹ̀, H ni pé ó ga. Ọmọkùnrin tó fún mi ní ìwé náà wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ tètè lọ rí dókítà o. Èyí ò da."

Aládùúgbò kan tí mo fi ìwé náà hàn sọ fún mi pé bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá ti lọ sílẹ̀, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, pé bí pòtásíọ̀mù bá sì ga, ọkàn lè dáwọ́ dúró lójijì. Òru mẹ́ta ni mi ò fi fojú ba oorun. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Ní òru kẹta, ó bá mi nídìí àpótí níbi tí mo ti ń to ìwé ilẹ̀ jọ.

"Bàbá Tólú, kí lẹ ń wá nínú àpótí ní agogo méjì òru?"

Mo na ìwé èsì náà sí i. Ó kà á, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣé lẹ́tà kan ṣoṣo lẹ fi ń dá òṣìṣẹ́ dúró, àbí ẹ máa ń ní kí wọ́n gbé fáìlì rẹ̀ wá?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọdún 33 ni mo fi ń sọ fún àwọn tó wà lábẹ́ mi pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi náà ni mo wá gbọ́ ẹjọ́ ìwé kan ṣoṣo, tí mo sì ti dá ara mi lẹ́bi ikú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.

IBO NI ÒDIWỌ̀N INÚ ÌWÉ NÁÀ TI WÁ?

Dókítà náà, obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àbíkẹ́yìn mi lọ, kọ́kọ́ béèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ ní èsì àtijọ́ kankan lọ́wọ́?" Mi ò ní. Mo ti ṣe àyẹ̀wò tó mẹ́fà láàárín ogún ọdún, mi ò sì tọ́jú ìwé ẹyọ kan. Ojú tì mí, nítorí iṣẹ́ ìwé títọ́jú ni mo fi jẹun. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi, bí mo sì ti gbọ́ ọ ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí.

Ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí òdiwọ̀n kan, bíi 4.0 sí 11.0 fún sẹ́ẹ̀lì funfun. Bí wọ́n ṣe ń rí òdiwọ̀n yìí ni pé wọ́n á kó àwọn tí ara wọn dá jọ, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n á to nọ́ńbà wọn láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n á wá mú àárín, tó jẹ́ 95 nínú 100, wọ́n á sì gé díẹ̀ kúrò ní ìsàlẹ̀ àti ní òkè. Ìtumọ̀ èyí ni pé nínú 100 ẹni tí ara wọn dá ṣáṣá, márùn-ún yóò bọ́ sí ìta òdiwọ̀n. Àìsàn kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Bí wọ́n ṣe fa ààlà náà ni. Bí ẹ bá to àwọn ọmọ kíláàsì kan sórí ìlà, ẹni kan ni yóò ga jù, ẹni kan ni yóò kúrú jù, ara àwọn méjèèjì sì le.

Ẹ wá wò ó báyìí: àyẹ̀wò lódindi kì í ṣe nǹkan kan. Ó lè tó ogún nǹkan lórí ìwé kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ààyè márùn-ún nínú 100 láti bọ́ síta, tí wọn kò sì gbára lé ara wọn, nínú 100 ẹni tí ara wọn dá, nǹkan bí 64 ni yóò rí ó kéré tán H tàbí L kan lórí ìwé wọn. Ẹni tí ohun gbogbo lórí ìwé rẹ̀ wà láàárín ló kéré jù.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn sí èyí: kì í ṣe gbogbo òdiwọ̀n ni wọ́n ṣe báyìí. Ti ṣúgà, fún àpẹẹrẹ, ibi tí ewu ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó fa ààlà sí i. Nítorí náà, H kan kò dọ́gba pẹ̀lú H mìíràn.

SẸ́Ẹ̀LÌ FUNFUN ÀWA ÈNÌYÀN DÚDÚ

Ó kan sẹ́ẹ̀lì funfun mi, tó fẹ́ pa mí láàyè. Lára sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, àmì kan wà tí wọ́n ń pè ní Duffy. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì yìí lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Àìní rẹ̀ ṣe wá láǹfààní, nítorí ojú àmì náà ni oríṣi kòkòrò ibà kan tí wọ́n ń pè ní Plasmodium vivax máa ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Ìdí nìyẹn tí oríṣi ibà yẹn kò fi wọ́pọ̀ láàárín wa. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń ṣe iṣẹ́ àbùdá ènìyàn tí wọ́n pè ní HapMap, tí àbájáde ńlá rẹ̀ jáde ní ọdún 2005, àwọn Yorùbá ìlú Ìbàdàn wà lára àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àìní Duffy yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti gbogbo wọn.

Ní ọdún 2009, ìwádìí fi hàn pé àìní Duffy yìí kan náà ló ń mú kí neutrophil tó ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ wa kéré sí ti àwọn aláwọ̀ funfun. Agbára ara láti bá àrùn jà kò dín kù nítorí rẹ̀. Àmọ́ òdiwọ̀n tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ara àwọn tí kì í ṣe àwa ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ẹ̀wù tí wọ́n fi ara ẹlòmíràn wọ̀n, bí kò bá bá wa mu, a kì í torí rẹ̀ sọ pé ara wa ló ní àbùkù.

Dókítà kò kàn fi ẹnu sọ ọ́ kó sì parí síbẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ń rù, bóyá ibà tàbí egbò tí kì í san ń ṣe mí, àti irú oògùn tí mo ń lò. Ó tẹ ikùn mi àti ọrùn mi wò. Ó ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ mi lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi, ó sì ní kí n ṣe àyẹ̀wò HIV. Gbogbo rẹ̀ dára. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a tún un ṣe: 3.2. Ibi tó wà ló ṣì wà. Bó bá jẹ́ pé ó ń wálẹ̀ sí i ni, láti 5.6 sí 4.1 sí 2.9, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Bí àìsàn bá sì ń kọlu ènìyàn lemọ́lemọ́, kò gbọ́dọ̀ fi "àwa ènìyàn dúdú" gbé e jókòó.

ÌRÌN-ÀJÒ Ẹ̀JẸ̀ LÁTI APÁ DÉ INÚ Ẹ̀RỌ

Pòtásíọ̀mù ni dókítà bínú sí mi lé lórí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, sà, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ohun tí à ń gbé sùn fún ọjọ́ mẹ́ta." Bí 6.1 yẹn bá jẹ́ òótọ́, ó lè ba ìlù ọkàn jẹ́. Ọjọ́ tí mo gba èsì náà gan-an ló yẹ kí n ti wá. Ó fi ẹ̀rọ wo ọkàn mi lójú ẹsẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, èsì jáde: 4.4. Kò sí nǹkan kan.

Kí ló wá dé tí ti àkọ́kọ́ fi ga? Inú sẹ́ẹ̀lì ni pòtásíọ̀mù pọ̀ sí. Ìwọ̀nba ló wà nínú omi ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá so rọ́bà pẹ́ jù, tí ènìyàn sì ń di ẹ̀ṣẹ́ léraléra, bí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́ nígbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀, pòtásíọ̀mù á jò jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì sínú omi, nọ́ńbà á sì ga. Ibi tí mo lọ, wọn kì í ṣe àyẹ̀wò náà níbẹ̀. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ jọ ni, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ mi sùn síbẹ̀ láti Sátidé di ọjọ́ Ajé. Èmi tí mo ń to ìwé ilẹ̀ jọ, ọkàn mi kò ní àbùkù kankan.

Ti ṣúgà, òdì kejì ni. Sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ máa ń jẹ ṣúgà nìṣó nínú ìgò. Bí wọn kò bá tètè yà á sọ́tọ̀, ó máa ń dín ní nǹkan bí 5 sí 7 nínú 100 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 132 nígbà tí wọ́n gbà á lè rí nǹkan bí 110 lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, kó sì máa dúpẹ́. Ẹ rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ nílẹ̀ lè dẹ́rù ba ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó sì lè fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀.

Ẹni tó ń lo irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣòjòjò, kó má rò pé ìtàn mi ni tirẹ̀. Pòtásíọ̀mù irú wọn lè ga lóòótọ́.

Ọ̀RẸ́ MI TÓ KÁ ÌWÉ TIRẸ̀ SÁPÒ

Bí mo bá dúró síbí, ẹ lè lọ sílé pé, "Bàbá ní H àti L kò já mọ́ nǹkan kan." Rárá o. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọ́fíìsì kan náà ni a jọ wà fún ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún un, creatinine rẹ̀ jẹ́ 1.9, H. Creatinine ni ìdọ̀tí kan tó ń wá láti inú iṣan ara, tí kíndìnrín ń sẹ́ dànù. Bí ó bá ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ pé asẹ́ náà ti ń dí. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ara mi le kokoko, nọ́ńbà lásán ni." Ó ká ìwé náà sápò agbádá. Ó ń lo àgbo fún ẹ̀yìn ríro, ó sì ń gbé diclofenac mì bí ẹní ń jẹ gúgúrú. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò sì rí ìtọ́jú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a dá owó, owó kò tó. A sin ín ní ọdún 2016. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Kíndìnrín kì í kígbe. Ó lè pàdánù ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ kí ènìyàn tó mọ nǹkan kan lára. Kékeré ni a ti ń pẹkàn ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni ohùn tí kíndìnrín rẹ̀ ní nígbà náà. A kò sọ pé 1.9 kan ṣoṣo ti tó láti pe ènìyàn ní olókùnrùn kíndìnrín títí láé. Àwọn dókítà máa ń wò ó bóyá ó pé oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí èébì tàbí ìyà omi lè gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pọn dandan kí a tún un ṣe, kí a sì yẹ ìtọ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó yẹ kí a mọ̀. Ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń sọ creatinine di agbára kíndìnrín, eGFR ni wọ́n ń pè é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣirò yẹn máa ń bu iye kan kún ti ènìyàn dúdú, èyí tó ń mú kí kíndìnrín wa dà bí ẹni pé ó le ju bó ti rí lọ. Ìṣirò tuntun tó jáde ní ọdún 2021 ti yọ àfikún náà kúrò. Ẹ fi wé ti sẹ́ẹ̀lì funfun: níbẹ̀, òdiwọ̀n ẹlẹ́yà mú ẹni tí ara rẹ̀ dá bí aláìsàn, níbí, ìṣirò mú aláìsàn bí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bí ìwé yín bá ní eGFR, ẹ bi dókítà léèrè ìṣirò tí wọ́n lò.

MẸ́TA MÌÍRÀN TÍ A MÁA Ń ṢÌ GBỌ́

Ṣúgà: Bí a kò bá tíì jẹun láti alẹ́, 126 sókè ni wọ́n ń pè ní àtọ̀gbẹ. Láti 100 sí 125, ìkìlọ̀ ni. Bí ìwé kan bá kọ 7.0, ẹ má rò pé ó kéré; òdiwọ̀n mìíràn ni wọ́n lò. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18, ẹ ó rí 126. Bí kò bá sí òùngbẹ, ìtọ̀ àtọ̀ọ̀tọ̀ tàbí rírù, ẹ̀ẹ̀mejì ni a gbọ́dọ̀ rí i kí wọ́n tó sọ pé àtọ̀gbẹ ni. Àwọn ọmọ wa tí jínótáìpù wọn jẹ́ SS tàbí SC, kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà kó tó fi HbA1c wọn ṣe ìdájọ́, nítorí sẹ́ẹ̀lì pupa wọn kì í pẹ́ láyé, èsì náà lè ṣini lọ́nà.

PCV: Ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta hemoglobin. Fún hemoglobin, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà àìtó ẹ̀jẹ̀ sí 13 fún ọkùnrin àti 12 fún obìnrin tí kò lóyún. Nítorí náà, PCV tó bá wà ní ìsàlẹ̀ nǹkan bí 39 fún ọkùnrin tàbí 36 fún obìnrin, ó yẹ kí a béèrè ìdí. Bí ti àgbàlagbà bá lọ sílẹ̀, ẹ má kàn ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un kí ẹ sì jókòó. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń jò nínú ikùn tàbí ìfun rẹ̀ láì jẹ́ pé ó mọ̀. Ibi tó ti ń jò ni kí a wá.

Widal: Èyí ni wọ́n fi ń sọ fún ìdajì àdúgbò pé wọ́n ní táífọ́ọ̀dù. Ohun tí ó ń wò ni ipa tí ara fi sílẹ̀ nígbà tó bá kòkòrò jà. Àìsàn àtijọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ibà mìíràn lè mú un ga. Widal kan ṣoṣo kò tó láti jẹ́rìí. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi hu kòkòrò náà jáde ni ẹ̀rí tó dájú jù.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

1. Kí olúkúlùkù ilé ra fáìlì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti bàbá, ti ìyá, ti ọmọ. Gbogbo èsì àyẹ̀wò, ibẹ̀ ni kó máa lọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe é.

2. Kí ẹ tó lọ, ẹ béèrè bóyá ẹ gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ oúnjẹ, àti bóyá ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò náà. Bó bá ṣeé ṣe, ibì kan náà ni kí ẹ máa lọ, kí òdiwọ̀n má máa yí padà.

3. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà, àti àgbo pẹ̀lú. Ẹ má tijú.

4. Bí H tàbí L bá wà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: Kí ló lè fà á? Ṣé ó pọ̀ tó láti dààmú? Báwo ló ṣe rí tẹ́lẹ̀? Ìgbà wo ni kí n tún un ṣe? Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó tún ṣe; èyí tó ṣe ségesège nìkan ni, kí owó ìfẹ̀yìntì má bàa tán síbẹ̀.

5. Ẹ má dá oògùn dúró, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ oògùn, nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fún yín ní ìwé lójú fèrèsé.

6. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ lọ bí pòtásíọ̀mù bá tó 6 sókè, bí ṣúgà bá ga gan-an tí èébì sì ń gbé ènìyàn, tàbí bí PCV bá lọ sílẹ̀ púpọ̀ tí mímí sì nira. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí ó ń jà gìrì, ẹ má dúró de èsì kankan.

Fáìlì tèmi ti ní ìwé méje báyìí. Sẹ́ẹ̀lì funfun mi kò kúrò láàárín 3.0 sí 3.4 láti ọdún 2021. Dókítà tuntun kan ní ọdún tó kọjá fẹ́ kígbe nígbà tó rí L náà. Mo ṣí fáìlì mi síwájú rẹ̀, ó kà á, ó ní, "Bàbá, ẹ ti bá mi ṣe iṣẹ́ mi." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rẹ́ mi bá ti ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀, tí ẹnì kan sì bá a ṣí i, ó ṣeé ṣe kí òun náà wà lórí ìjókòó lónìí, kó máa gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú wa.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní àlàáfíà, kí ó sì jẹ́ kí a tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú ara líle. Àmín.